Orin Kérésìmesì fún àwọn àgbà tí àìsàn ìgbàgbé ń bá jà: kí ló yẹ ká ṣe, kí ló yẹ ká yẹra fún?

AkọrinAdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ ìjọ wa l'Ádó-Èkìtì fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn lóṣù Kejìlá láti lọ kọrin ọdún fún àwọn bàbá àti ìyá nílé ìtọ́jú àgbàlagbà kan. Àgbà 18 ló wà níbẹ̀, ìgbàgbé sì ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn gan-an. Àwọn kan ò rántí orúkọ ọmọ wọn mọ́, àwọn mìíràn kì í sọ̀rọ̀ rárá.

Akọrin 24 ni wá. A ní kíbọ́ọ̀dù, ìlù jáàsì, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tí a ní lọ́kàn ni orin 16 ní ohùn mẹ́rin, fún wákàtí kan àti ààbọ̀, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá. A fẹ́ mú Bàbá Kérésì dání, ká sì pín chin-chin àti ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ iṣẹ́ yìí, kí la máa yí padà? Irú orin wo ló yẹ, báwo ni ká ṣe kọ ọ́, kí ló sì máa ń bàjẹ́ níbẹ̀?

Olùdarí Orin, Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú èrò rere o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Adó. Àmọ́ ètò kọnsáàtì lẹ kọ sókè yẹn. Ẹni tí ìgbàgbé ń dà láàmú kò wá wo kọnsáàtì. Ohun tó ń ṣe é láǹfààní ni kí òun fúnra rẹ̀ la ẹnu kọrin, orí èyí sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ yan orin. Ohun tí èèyàn gbọ́, tó sì kọ léraléra láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30, ló máa ń pẹ́ jù lọ lórí ẹ̀mí rẹ̀. Orin tí ẹnu ti mọ́ kì í gbé ibì kan náà nínú ọpọlọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àná. Ìdí nìyí tí ìyá tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ fi lè kọ odindi ẹsẹ orin láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí wọ́n bí ní 1945, orin tí wọ́n ń kọ láàárín 1955 sí 1975 ni orin tirẹ̀. Orin Kérésì tó gbajúmọ̀ lórí rédíò láìpẹ́ yìí, bó ti wù kó dùn tó, àjèjì ni sí i.

Ẹ béèrè ìjọ tí oníkálukú ti dàgbà, torí ó ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Àwọn àgbà Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì, orin inú ìwé orin Yorùbá ti wọ̀ wọ́n lára láti kékeré. Àwọn àgbà Kátólíìkì tí wọ́n ti gbọ́njú kí Àpérò Vatican Kejì (1962 sí 1965) tó parí, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì nígbà náà, nítorí náà orin Kérésì kúkurú kan ní Látìn lè jí wọn ju ti Yorùbá lọ. Àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà àti Àpọ́sítélì ńkọ́? Láti ìgbà ìsọjí 1930 tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, tí iná rẹ̀ sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ilẹ̀ Èkìtì, orin àtẹ́wọ́ kúkurú tí ègbè rẹ̀ ń padà wá ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Ẹ má kó orin ọlọ́rọ̀ gígùn lọ bá wọn.

Nǹkan mìíràn tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kíyè sí: orin tí wọ́n túmọ̀ sórí ohùn Òyìnbó, ohùn orin lè máa gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń wálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà sì di nǹkan mìíràn létí. Bí àgbà bá ti mọ orin ọ̀hún láti ilé-ìwé, kò séwu. Bí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa, orin ìbílẹ̀ tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu ni kí ẹ yàn, kí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lè máa fà á lọ.

Orin 7 tàbí 8 ti tó. Ẹsẹ àkọ́kọ́ àti ègbè nìkan ni kí ẹ kọ, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ ẹ bá wọ ẹsẹ kejì, ẹnu wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Tó bá fi máa di ẹsẹ kẹta, ẹ̀yin nìkan lẹ ó máa kọrin. Orin kan náà ni kí ẹ fi ṣí i, orin kan náà ni kí ẹ fi parí rẹ̀, nígbàkígbà tí ẹ bá lọ.

Ọ̀rọ̀ kíì, ìyẹn bí orin ṣe ga tàbí bó ṣe lọ sílẹ̀ tó, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ohùn obìnrin máa ń wálẹ̀ bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, èémí náà á sì kúrú. Ẹ jẹ́ kí orin wà láàárín A tó wà nísàlẹ̀ C àárín kíbọ́ọ̀dù àti C tó wà lókè rẹ̀. Bí òkè orin bá kan D, ẹ tẹ bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé orin sókè tàbí sísàlẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, sí −2. Bó bá kan E, −4. Bí ìsàlẹ̀ orin bá wá rì jù lẹ́yìn èyí, ẹ fi orin yẹn sílẹ̀, kí ẹ mú òmíràn. Ẹ bẹ ìyá àgbà kan nínú ìjọ yín kó bá yín kọ ọ́ nígbà ìdánrawò. Ibi tí ọrùn rẹ̀ bá ti ń le, ibẹ̀ ti ga jù.

Orin tí ẹ ń kọ ní lílù 100 láàárín ìṣẹ́jú kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mú un wá sí 70 tàbí 80, kí ẹ sì mí èémí kíkún kan ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ falẹ̀ débi tí yóò fi jọ orin ìsìnkú o.

Ohùn mẹ́rin, ẹ fi sílé. Ohùn kan ṣoṣo ni kí gbogbo yín kọ, ọkùnrin nísàlẹ̀, obìnrin lókè. Etí tó ti wúwo kì í lè yọ ojúlówó ohùn orin kúrò láàárín àwọn ohùn ìgbè bíi alto àti tenor. Àgbà á dákẹ́ torí kò mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé. Kí ẹnì kan máa ṣáájú: kó kọ́kọ́ fi imú kùn ìlà àkọ́kọ́, kó dúró díẹ̀, kó tó wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà mìíràn, àgbà á ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí tiyín, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹnì kan bá dá orin tí ẹ kò kọ sínú ètò, ètò ti yí nìyẹn, ẹ gbè é fún un.

Akọrin 24 pọ̀ ju àgbà 18 lọ. Ẹ̀rù á bà wọ́n. Kí 8 tàbí 9 wọlé, kí àwọn yòókù pín ara wọn sí ọjọ́ mìíràn. Kí gbogbo yín mọ ọ̀rọ̀ orin lórí, torí ẹni tó ń wo ìwé kò lè wo ojú àgbà. Àwọn àgbà tó mọ̀wé, ẹ tẹ orin kan sójú ìwé kan fún wọn, lẹ́tà ìwọ̀n 26 tàbí 28, dúdú lórí pépà tí kì í dán. Ẹ má di í pọ̀ bí ìwé, wọ́n á máa ṣí i kiri, orin á sì kọjá. Ní ti àwọn tí kò mọ̀wé, kí aṣáájú máa pe ìlà tó ń bọ̀ fún wọn kí ẹ tó kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Ẹ kú ọpọlọ, Olùdarí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara àti ti inú ilé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí, àyà mi sì já. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọkàn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú: wọ́n á máa rìn kiri, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ sílé, wọ́n á máa pe ìyá wọn tó ti kú tipẹ́. Ọpọlọ ti rẹ̀, òjìji ti pọ̀ nínú yàrá, ohun tí wọ́n ń rí kò dá wọn lójú mọ́. Aago 10 sí 11 àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí wọ́n bá ti wẹ̀, tí wọ́n ti jẹun, tí oorun ọ̀sán kò sì tíì dé. Orin ìṣẹ́jú 35 sí 40, ìkíni ìṣẹ́jú 15. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí kan lọ.

Ọyẹ́ á ti dé nígbà náà, ilẹ̀ olókè bíi tiwa sì máa ń tutù láàárọ̀. Ẹ má kó wọn síta, ẹ má sì gbé àga sáàárín fèrèsé méjì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ bo orúnkún wọn. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì pa jẹnẹrétọ̀ tàbí kí wọ́n gbé e jìnnà, torí ariwo tí etí ọ̀dọ́ ti mójú kúrò lára rẹ̀ ló ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún àgbà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ má tiẹ̀ gbé e wá. Ẹ to àga ní ìlà kan ṣoṣo bí àbọ̀ òṣùpá, kí akọrin kọ̀ọ̀kan jókòó láàárín àgbà méjì. Ẹ má to ara yín síwájú bí ọmọ ilé-ìwé. Kí bíréèkì kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ wà ní títẹ̀. Ẹ má dí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá dìde pé òun ń lọ, kí òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ má dá a dúró.

Chin-chin, rárá o. Bí àìsàn yìí bá ti wọra, ó máa ń ba gbígbé nǹkan mì jẹ́. Chin-chin, ẹ̀pà, gúgúrú àti súìtì lè há ní ọ̀fun tàbí kó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, omi lásán pàápàá lè ṣìnà. Nítorí náà, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mu láìjẹ́ pé nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìndòdò náà kò dára, torí àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ bi mátírónì ohun tí wọ́n ṣaláìní, kí ẹ fi owó náà rà á: pampers àgbà, ọṣẹ, ìpara, tọ́wẹ́ẹ̀lì.

Bàbá Kérésì tó fi irùngbọ̀n àti ìbòjú bo ojú, ẹ fi í sílé. Ẹni tí kò rí ojú èèyàn kò lè mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń bínú, àwọn kan á sì rò pé eégún ló wọlé.

Ẹ má gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Ẹ gba iwájú, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ lóṣòó síwájú àga wọn. Ọ̀wọ̀ ni, ó sì tún ń mú ojú yín ṣe déédéé pẹ̀lú tiwọn. Ẹ sọ orúkọ yín lójú ẹsẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà, Bùkọ́lá lorúkọ mi, a wá bá yín kọrin ọdún." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má béèrè pé "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" tàbí "Ẹ ò rántí mi mọ́ ni?" Ìtìjú ni ìbéèrè yẹn ń kó bá wọn, wọn kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Ẹ bi ẹbí wọn ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n, bóyá Ìyá Túndé ni, bóyá Bàbá Tíṣà. Àwọn tó bá gbọ́ ohùn Èkìtì nínú yín, ohùn Èkìtì ni kí ẹ fi kí wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé lè ti lọ, kí ohùn ìyá wọn ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹnì kan á sunkún, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Orin ọdún máa ń mú ilé àti àwọn tó ti lọ wá sọ́kàn. Ẹ má dá orin dúró, ẹ má sì ní kó má sunkún mọ́. Kí akọrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ sí i, kó jẹ́ kí àgbà fúnra rẹ̀ dì í mú, kó sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bá orin lọ. Bí ẹkún náà bá kọjá orin méjì, tàbí tó di igbe, kí òṣìṣẹ́ mú un lọ síbi tó dákẹ́. Bí ìyá bá ní ọkọ òun ń bọ̀ wá mú òun, tí ọkọ sì ti kú, ẹ má tú ọ̀rọ̀ ikú fún un. Á dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni, á sì tún gbàgbé, kó tó di pé ẹlòmíràn tún sọ ọ́. Ẹ dáhùn pé, "Ẹ fẹ́ràn bàbá gan-an ni. Orin wo ni wọ́n fẹ́ràn?"

Ẹni tó bá ń húkọ́, tí imú rẹ̀ ń dà, tàbí tí Àpólò mú, kó jókòó sílé. Kí gbogbo yín fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó wọlé.

Fọ́tò àti fídíò: ẹni tí kò lè lóye ohun tó ń fọwọ́ sí kò lè fọwọ́ sí i. Ẹbí ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kó sì wà ní kíkọ sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ ohun tó nílò ààbò pàtàkì. Ohun tó dára jù ni kí fóònù wà nínú àpò.

AkọrinAdó

Ẹ ṣé, ẹ ṣeun gan-an ni. A ti mú aago wá sí 10 àárọ̀, a sì ti yọ chin-chin àti Bàbá Kérésì kúrò. Ó ku nǹkan mẹ́ta. Ṣé ká mú gángan lọ àbí ká fi sílẹ̀? Méjì nínú àwọn bàbá ibẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kí la máa ṣe fún wọn? Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ rárá ńkọ́?

Onígángan Ìjerò

Gángan kan ṣoṣo, ẹ mú un lọ. Ìlù jáàsì, sáńbà àti agogo, ẹ fi sílẹ̀. Etí àgbà tó ti dí kì í gbọ́ ohun kékeré, àmọ́ bí ohùn bá fi díẹ̀ lé, ó ti di ìrora fún un. Ohùn agogo àti páànù jáàsì tín-ín-rín, ó sì mú, àwọn àgbà á di etí mú, orin á sì tán fún wọn níbẹ̀. Kí onígángan jókòó ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù, kó fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé orí kọ̀ǹgọ́. Kó má ṣàdédé lù ú. Kí akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ná, kí gángan wọlé ní ìlà kejì.

Iṣẹ́ tí gángan mọ̀ ọ́n ṣe jù níbẹ̀ ni oríkì. Ẹ gba oríkì ìdílé lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn ṣáájú ọjọ́ náà, ìlà méjì tàbí mẹ́ta péré. Kí ìlù pè é láàárín orin kan sí òmíràn, kí akọrin fi ẹnu sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ bàbá tí kì í dá sí orin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbé orí sókè nígbà tí wọ́n bá gbọ́ oríkì ilé wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ní nǹkan lọ́wọ́, ẹ fi ike omi 50cl ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ bu ìrẹsì sí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, kí ẹ fi gúlúù lẹ ọmọrí rẹ̀, kí ẹ tún fi téèpù wé e yípo. Bí ọmọrí bá lè ṣí, ìrẹsì yẹn á dé ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ jó, ẹ má fà á dìde. Bí ó bá dá dìde fúnra rẹ̀, kí ẹnì kan wà lápá ọ̀tún, ẹnì kan lápá òsì, kí wọ́n na apá fún un láti dì mú. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé ìṣísẹ̀ kankan: sílípáàsì tó tóbi ju ẹsẹ̀ lọ ló ń gbé àgbà ṣubú.

Olùdarí Orin, Ìkẹ́rẹ́

Ní ti àwọn bàbá Mùsùlùmí, ẹbí wọn ni kí ẹ bi. Àwọn kan lọ sílé-ìwé mísọ́nnárì ní kékeré, wọ́n mọ orin Kérésì bí ẹní mowó, inú wọn á sì dùn láti bá yín kọ ọ́. Àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹ fi orin ìkíni tí kò ti ẹ̀sìn kankan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi orin ọpẹ́ tí wọ́n ń kọ nígbà Iléyá sí àárín. Bó bá jẹ́ ọmọ Adó ni wọ́n, ẹ wádìí orin tí wọ́n ń kọ nígbà Ùdìroko, ọdún ìbílẹ̀ ìlú Adó. Ẹni tó bá yàn láti jókòó síta, kí akọrin kan jókòó tì í, kó máa bá a tàkúrọ̀sọ. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n lé e jáde.

Nọ́ọ̀sì Ìdó

Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ mọ́: ẹ má kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ẹ lọ bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ohùn kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Kí akọrin jókòó níbi tí wọ́n ti lè rí ẹnu rẹ̀, kó wo bí àyà wọn ṣe ń lọ sókè sódò, kó sì jẹ́ kí orin bá èémí wọn rìn. Kó fi imú kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ìdákẹ́ yẹn kì í rọrùn fún ọ̀dọ́, àmọ́ inú rẹ̀ ni ìdáhùn máa ń wà, torí ọpọlọ wọn ń pẹ́ kó tó gbọ́. Ẹ wo ìka ẹsẹ̀, ètè, ìpéǹpéjú. Bí ètè bá mì, ẹ tún orin kan náà kọ. Bí wọ́n bá fajú ro, tí wọ́n yí orí kúrò tàbí tí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má fi ẹnu sún mọ́ etí wọn.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ dákun, ọjọ́ 23 yẹn pẹ́ jù. Láti nǹkan bí ọjọ́ 20, òṣìṣẹ́ á ti máa gba ìsinmi, àlejò á máa wọlé, àwọn ẹbí á máa wá mú àwọn òbí wọn lọ sílé. Ìdàrúdàpọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn nìkan ti tó wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá ló dára, kí ẹ sì padà lọ láàárín oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú síbẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì gbàgbé pé agboolé ni ọ̀pọ̀ àgbà tó ní àìsàn yìí wà níhìn-ín ní Èkìtì, lọ́wọ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ. Akọrin mẹ́ta ti tó fún ilé kan, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Àṣà gbígbé fìtílà kọrin káàkiri lálẹ́, ẹ yọ ilé wọn kúrò nínú rẹ̀, torí òjìji àti ariwo lójú oorun máa ń dẹ́rù bà wọ́n, ẹni tó ń tọ́jú wọn ni kò sì ní rí oorun sùn mọ́jú. Ẹ ránṣẹ́ sílé náà ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n lè wẹ̀ fún àgbà náà, kí wọ́n sì sọ fún yín bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Kí ẹ tó kúrò, nílé ìtọ́jú tàbí ní agboolé, ẹ kọ orin tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn sí sórí pépà: ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀, kíì tí ẹ lò, àti ohun tí ó ṣe, bóyá ó kọ ọ́, bóyá ó fẹsẹ̀ lulẹ̀. Ẹ fún ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì kọ́ ọ bí orin náà ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń bá èèyàn jà nígbà ìwẹ̀ tàbí ìwọṣọ máa ń rọwọ́ bí olùtọ́jú bá ń kọ orin tí wọ́n mọ̀ dípò kó máa pàṣẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ orin kí omi tó kan ara.